Pápá Àwọn Ọmọ-Ogun: Ìtàn Ilé Ìwòran Eré ti Yunifásítì Harvard

Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ilé, ìdílé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà kí ó tó wọn ilẹ̀. Ẹni tí ó ní aya méjì àti ọmọ mẹ́wàá kò ní kọ́ yàrá kan ṣoṣo; ẹni tí ó ń ta aṣọ yóò kọ ojú ilé rẹ̀ sí títì kí àwọn oníbàárà lè rí i. Bí ayé ti ń ṣe é nìyí láti ìbẹ̀rẹ̀ wá: ènìyàn ni í pàṣẹ fún ilé, ilé kì í pàṣẹ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí àwa fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkàwé wa yìí yàtọ̀. Ìtàn ilé kan ni, tí a kọ́ fún eré bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1903. Nígbà tí àwọn àgbà eré náà ń wá ọ̀nà láti tún òfin wọn ṣe ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé yìí kò yẹ̀ fún eré. Eré ni ó yẹ̀ fún ilé. Ìyẹ̀sí náà sì wà lára ohun tí ó sọ eré náà di ohun tí ó jẹ́ títí di òní.

Ó yẹ kí a la ohun kan yé ara wa ṣáájú. Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ gbá láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó, tí a sì ń gbé mọ́ àyà sáré ju bí a ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ. Ọkùnrin mọ́kànlá wà ní ìhà kan, mọ́kànlá ní ìhà kejì. Ìhà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà láti gbé e kọjá ìlà òpin pápá. Ìhà kejì a dìgbò lu ẹni tí ó gbé e, wọn a sì gbé e ṣánlẹ̀. Ní ayé ìgbà tí ìtàn wa bẹ̀rẹ̀, bí ìhà kan bá gbìyànjú ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò sì lè sún síwájú ní yáàdì márùn-ún, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ fi yáàdì márùn-ún yìí sọ́kàn, nítorí ó ní ọwọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Yunifásítì Harvard ni ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1636 ni a dá a sílẹ̀, ní ìlú Cambridge, níbi tí odò Charles ti ṣàn kọjá láàárín ìlú náà àti Boston. Ní ọdún 1890, ọ̀gbẹ́ni kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Lee Higginson, onílé-ìfowópamọ́ ní Boston, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ìlú náà sílẹ̀ ní 1881, fi ilẹ̀ éékà 31 ní òdìkejì odò náà ta yunifásítì náà lọ́rẹ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣeré lórí rẹ̀. Olówó mìíràn ì bá fi orúkọ ara rẹ̀ pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Higginson kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Pápá Àwọn Ọmọ-Ogun, ó sì ní kí a máa fi rántí àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́fà tí wọ́n ti kọjá lọ.

Àwọn mẹ́fà náà ni James Savage, Charles Russell Lowell, Edward Barry Dalton, Stephen George Perkins, James Jackson Lowell, àti Robert Gould Shaw. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ní Harvard, gbogbo wọn ni wọ́n sì lọ sí ogun abẹ́lé tí ó jà ní Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865, ogun tí ó fi òpin sí oko ẹrú ní ilẹ̀ náà. Márùn-ún nínú wọn kú nínú ogun náà. Dalton, tí ó jẹ́ oníṣègùn, kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Higginson fúnra rẹ̀ jà nínú ogun náà, ó sì fara gbọgbẹ́. Ẹni tí ó ye ogun ni ó ń sọrí àwọn tí ogun mú lọ.

Nínú àwọn mẹ́fà yìí, ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ kan àwa ènìyàn dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Robert Gould Shaw ni ó jẹ́ ọ̀gágun ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kẹrìnléláàádọ́ta ti Massachusetts, tí gbogbo ọmọ-ogun inú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, ọdún 1863, ó ṣíwájú wọn lọ kọlu odi Fort Wagner ní South Carolina, ó sì kú lórí odi náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọ̀tá da òkú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sínú kòtò kan náà. Ìwọ̀sí ni wọ́n rò pé àwọn fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbà kí a hú òkú ọmọ òun kúrò níbẹ̀, ó ní kò sí ibi tí ó yẹ ẹ́ ju ibẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí a bá dárúkọ Pápá Àwọn Ọmọ-Ogun, a ti dárúkọ òmìnira àwọn ènìyàn wa tí a kó kọjá òkun, bí ẹni tí ó wá wòran kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìràntí náà kò sì pẹ́ kí ó tó ní ẹlẹ́rìí alààyè. William Henry Lewis, tí a bí ní Virginia ní 1868 fún òbí tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, wá kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Harvard, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì náà ní 1892 àti 1893. Ó wà lára àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù gbogbo Amẹ́ríkà, òun sì ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba iyì yìí. Lẹ́yìn tí ó parí ẹ̀kọ́, ó wà lára àwọn tí ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Harvard láti 1895 títí di 1906, ó sì kọ ìwé lórí bí a ṣe ń ṣe eré náà. Ní 1911 ó di ọ̀kan nínú àwọn igbákejì Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ọmọ àwọn tí a tà rí ni ó ń kọ́ ọmọ àwọn olówó Boston ní eré, lórí ilẹ̀ tí a fi sọrí ẹni tí ó kú kí irú àwọn òbí rẹ̀ lè dòmìnira.

Nígbà tí a kó eré bọ́ọ̀lù wá sí Pápá Àwọn Ọmọ-Ogun, pákó ni a fi ṣe ìjókòó àwọn òǹwòran. Gbogbo wa ni a mọ ìwà pákó: òjò a mú un jẹrà, iná a jó o, bí èrò bá sì pọ̀ jù a wó. Ọdọọdún ni èrò ń pọ̀ sí i, pàápàá ní ọjọ́ tí Harvard bá bá Yale díje, nítorí orogún ni àwọn yunifásítì méjèèjì láti ọdún 1875 tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé lórí pápá. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé, àwọn alábòójútó eré rí i pé àtúnṣe pákó lọ́dọọdún kò lè gbé wọn débì kan.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àwọn tí wọ́n jáde ní Harvard ní ọdún 1879 ń múra sílẹ̀ de àjọ̀dún ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìjáde wọn. Dípò kí wọ́n fi owó wọn ṣe àsè lásán, wọ́n dá 100,000 dọ́là fún ilé ìwòran tuntun. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà tó nǹkan bí 310,000 dọ́là. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ira Hollis, tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó sì jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ eré, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lewis Johnson ni ó ṣe ìṣirò bí ilé náà yóò ṣe dúró. George de Gersdorff sì ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn Charles McKim, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ilé tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà ẹṣin ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti ń ṣe pápá eré wọn: ìjókòó yí i ká ní ìhà mẹ́ta, ìhà kẹrin ṣí sílẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ ìyanu fún àwọn ènìyàn ìgbà náà ni ohun tí a fi kọ́ ọ. Kọnkéré ni, èyí tí í ṣe sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a pò mọ́ omi, tí a sì ri ọ̀pá irin sí nínú. Kọnkéré lágbára bí a bá di ẹrù lé e lórí, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á, kíákíá ni í ya. Irin kì í ya bí a bá fà á. Nígbà tí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan a gbé ohun tí èkejì kò lè gbé, bí tọkọtaya tí wọ́n mọ ìwà ara wọn. A ti ń lo ọgbọ́n yìí fún ilé iṣẹ́ àti afárá, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó fi kọ́ ilé ìwòran tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sì ń bẹ̀rù nítorí òtútù ilẹ̀ náà. Ní ìgbà ọ̀gìnnìtìn omi a máa di yìnyín níbẹ̀. Omi tí ó bá ti wọ inú kọnkéré, nígbà tí ó bá di yìnyín a wú, a sì fọ́ ọ láti inú. Wọ́n ní ta ni yóò fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jókòó lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Hollis àti Johnson kò jáwọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1903, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìsinmi, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni a ti dà àwọn pẹpẹ ìjókòó sínú àpótí pákó, tí a jẹ́ kí wọ́n gan, kí a tó gbé wọn sókè sórí òpó àti ìtí irin. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni iṣẹ́ náà gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, kí a tó parí rẹ̀ tán, a ṣe eré àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Dartmouth ni ó wá, wọ́n sì lu onílé ní àmì 11 sí òdo. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà Yale dé, òun náà sì fi àmì 16 sí òdo gba ayò. Ilé tuntun kò mú oríire wá ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró, kò sì mì.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ní ìgbà náà, òfin kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù ju bọ́ọ̀lù síwájú sí ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó wà láti rí yáàdì márùn-ún ni kí àwọn ọkùnrin kó ara wọn jọ, kí wọ́n sì fi agbára ya àárín àwọn tí ó dojú kọ wọn. Ní 1892, Harvard gan-an ni ó mú ọgbọ́n kan wá nínú ìdíje òun àti Yale: àwọn ọkùnrin sáré bọ̀ láti ọ̀nà méjì, wọ́n para pọ̀ bí èèkàn tí a gbẹ́ lẹ́nu, wọ́n sì rọ́ lu ẹnì kan ṣoṣo. Ìdíje Harvard àti Yale ti 1894 burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì kò fi bá ara wọn ṣeré mọ́ fún ọdún méjì gbáko. Bí a ti ń fi òfin dí ọ̀nà kan ni àwọn akọ́ni-léré ń la òmíràn. Agbárí ń fọ́, eegun ń ṣẹ́, àwọn ọmọ kan sì ń kú.

Ọdún 1905 ni ó burú jù. Ìwé ìròyìn ka òkú tí kò dín ní 18 ní ọdún yẹn jákèjádò Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì dé yunifásítì. Ààrẹ Theodore Roosevelt, tí òun fúnra rẹ̀ jáde ní Harvard ní 1880, tí ọmọ rẹ̀ sì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní ọdún náà, pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí ilé ìjọba ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tún ìwà eré náà ṣe. Wọ́n ṣe ìlérí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, Yale wá sí ilé ìwòran Harvard lójú èrò tí ó ju 40,000 lọ, a sì lu ọmọ Harvard kan ní ojú níbi tí ó ti ń dúró de bọ́ọ̀lù, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, ní New York, Harold Moore, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Union, fara pa lórí pápá, ó sì kú.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ di ti bóyá eré náà yóò wà tàbí kò ní sí mọ́. Yunifásítì Columbia fòfin dè é. Ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn, Stanford àti California fi í sílẹ̀, wọ́n mú eré rugby. Gíwá Harvard, Charles William Eliot, ti ń bá eré náà wí láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ó gbà pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwà ìkà àti ẹ̀tàn. Àwọn aláṣẹ Harvard wá kéde pé bí a kò bá tún òfin ṣe, kò ní sí eré bọ́ọ̀lù mọ́ ní yunifásítì náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí! Ilẹ̀ tí a fi sọrí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kú fún ohun tí ó ju ẹ̀mí wọn lọ, a fẹ́ kí ó má baà di ibi tí ọ̀dọ́ yóò ti kú nítorí yáàdì márùn-ún. Ilé tí a ná 310,000 dọ́là lé lórí kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1906, ìgbìmọ̀ òfin jókòó, William Reid, akọ́ni-léré Harvard, sì ni akọ̀wé rẹ̀. Gbogbo wọn gbà pé ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ ni pé wọ́n ń fún pọ̀ jù lójú kan. A gbọ́dọ̀ tú wọn ká. Àbá kan, tí ìtàn so mọ́ orúkọ Walter Camp ti Yale, ni pé kí a fẹ ìbú pápá sí i, kí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù lè rí ààyè sá gba ẹ̀gbẹ́. Àbá tí ó mọ́gbọ́n wá ni. Ní ibòmíràn, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni: kí a tú pákó, kí a sún un sẹ́yìn, kí a kàn án padà. Ṣùgbọ́n ní Harvard, kọnkéré ni ó yí pápá ká. Bí a bá fẹ ìbú, ìlà pápá yóò wọ inú ìjókòó. Kò sí bí a ti lè sún ilé náà, kò sì sí ẹni tí yóò dámọ̀ràn pé kí a wó o. Ìbú pápá dúró síbi tí ó wà, ní ẹsẹ̀-bàtà 160, òun náà ni ó sì jẹ́ ní gbogbo pápá eré yìí ní Amẹ́ríkà títí di òní.

Bí ilẹ̀ kò bá gba ni, ó ku òkè. Àwọn baba wa sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra. Ìgbìmọ̀ náà gbà kí a máa ju bọ́ọ̀lù síwájú ní òfuurufú. Wọ́n sọ yáàdì márùn-ún di mẹ́wàá, kí fífún pọ̀ lójú kan má baà lérè mọ́. Wọ́n fi àlàfo sáàárín ìhà méjèèjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì dín àkókò eré kù sí ìṣẹ́jú 60. A kò ní purọ́ pé ilé ìwòran Harvard nìkan ni ó bí jíju bọ́ọ̀lù. Àwọn akọ́ni-léré mìíràn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀, èyí ni wọ́n ṣe fi òfin líle dè é ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà tí ó rọrùn jù dí, ọ̀nà tí wọ́n ń sá fún ni ó kù. Ikú kò sì tán lójijì. Ní 1909 àwọn ọmọ tún kú púpọ̀, a sì tún òfin ṣe ní 1910 àti 1912, títí jíju bọ́ọ̀lù fi gba òmìnira rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo eré náà lónìí, bọ́ọ̀lù tí ń fò lókè ni ojú rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀ lé ìdàgbàsókè ilé náà. Ní oṣù Kẹfà 1906, ní ọdún àtúnṣe náà gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe eré oníṣe Agamemnon nínú rẹ̀ ní èdè Gíríìkì, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ilé tí a fi ọgbọ́n àwọn Gíríìkì yà. Ní 1910 a fi ọ̀wọ́ àwọn òpó tí a bò lórí yí òkè rẹ̀ ká, ó sì wá rí bí ààfin. Ní 1914 Yale kọ́ tirẹ̀, èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Harvard lọ bá wọn ṣí i, ó sì lù wọ́n nínú ilé tuntun wọn ní àmì 36 sí òdo. Láti ìgbà náà ni yunifásítì kan kò ti fẹ́ kéré sí èkejì, títí Michigan fi kọ́ tirẹ̀ ní 1927, èyí tí ń gba ju 100,000 ènìyàn lọ lónìí.

Harvard náà gbìyànjú láti bá wọn dọ́gba. Ní 1929 a fi ìjókòó onírin dí ìhà àríwá tí ó ṣí sílẹ̀, ilé náà sì wá lè gba ju 57,000 ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n irin tí kò ní kọnkéré lára kò rí aṣọ bora. Ìpẹtà jẹ ẹ́, a sì tú u dànù ní 1951. Àyè ìjókòó padà sí nǹkan bí 30,000, ilé náà sì tún padà rí bí ẹsẹ̀ bàtà ẹṣin. Ohun tí a fi kún un ní ọjọ́ ọrọ̀ lọ; ohun tí a ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé yìnyín yóò fọ́ ni ó kù. Kì í sì í ṣe pé yìnyín kò bá a jà: kọnkéré rẹ̀ ń sán, irin inú rẹ̀ ń wú, àtúnṣe rẹ̀ kò sì fìgbà kan dáwọ́ dúró. Ilé kì í dàgbà láìsí olùtọ́jú.

Ọdún 1968 àti 1969 fi ojú méjì tí ilé náà ní hàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 1968, Harvard àti Yale pàdé nínú rẹ̀ láìsí ẹni tí a tíì lù nínú wọn ní gbogbo ọdún náà. Yale fi àmì 16 ṣíwájú nígbà tí kò ku ìṣẹ́jú kan mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 42 Harvard gba gbogbo rẹ̀ padà, eré sì parí ní 29 sí 29. Oṣù márùn-ún kò tíì pé lẹ́yìn náà tí ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ nínú yunifásítì náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń tako ogun Vietnam gba ilé àwọn aláṣẹ, ọlọ́pàá sì fi kóńdó lé wọn jáde ní ìdájí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1969. Ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Níbo ni a ti rí ibi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lè péjọ sí láti jíròrò? Inú ilé ìwòran náà ni. Ní ọjọ́ 14, nǹkan bí 10,000 ènìyàn jókòó sórí kọnkéré náà, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì dìbò.

Lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ń béèrè nígbà náà ni kí a máa kọ́ni ní ìtàn àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, àwọn olùkọ́ dìbò fún un. Nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ó ti ibẹ̀ dàgbà ni a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard ní èdè Yorùbá lónìí. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí a fi sọ ilẹ̀ náà ní Pápá Àwọn Ọmọ-Ogun kò ní sọ pé èyí ṣàjèjì síbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé gbèsè kan ni, tí a ń san díẹ̀díẹ̀.

Ní 1984, nígbà tí ìdíje Olympic wáyé ní Los Angeles, a pín bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sí pápá mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòran Harvard sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1987 ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí pàtàkì fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní 2006 a ká koríko rẹ̀ kúrò, a sì tẹ́ koríko àtọwọ́dá dípò rẹ̀. Iná mànàmáná ńlá sì dé síbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 2007, lẹ́yìn ọdún 104, a ṣe eré bọ́ọ̀lù alẹ́ àkọ́kọ́ ti Harvard nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ Brown.

Kí ni àwa rí kọ́ nínú èyí? Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sọ pé kọnkéré ni ó gba ẹ̀mí àwọn ọmọ là. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọnkéré kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkú àti alààyè. Bí àwọn àgbà ìgbà náà kò bá ka ẹ̀mí ọmọ sí, ilé náà ì bá dúró gbọin-gbọin, èrò ì bá máa kún inú rẹ̀, a ì bá sì máa gbé òkú jáde. Ohun tí ilé náà ṣe kò ju pé ó sọ àtúnṣe tí ó rọrùn di ohun tí kò ṣeé ṣe. Àwọn ènìyàn, tí gíwá wọn kò dákẹ́ tí àwọn aláṣẹ wọn sì ti ṣe tán láti ti ilẹ̀kùn ilé olówó iyebíye náà pa, ni wọ́n wá gba àtúnṣe tí wọ́n ti ń sá fún.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọba ń kọ́ pápá ìṣeré, a sì ń bèèrè iye ènìyàn tí yóò gbà àti iye owó tí yóò jẹ. Ìbéèrè tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n Higginson ti bèèrè òmíràn ṣáájú wọn ní 1890: ta ni a ó máa rántí níbẹ̀? Àwọn aláṣẹ 1906 sì fi ẹ̀kẹta kún un: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí a bá rán wá síbẹ̀? Ìlú tí ó bá dáhùn ìbéèrè méjì yìí kí ó tó po sìmẹ́ńtì, ilé rẹ̀ yóò pẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì padà sílé lẹ́yìn eré.